Ọ̀fẹ́ àti Òmìnira: Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Gbẹ́kẹ̀ Lé Ẹni Tí Ó Fún Wa ní Sọ́fítíwíà Láìgba Owó?



Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ kan tí ó ń fi aṣọ rírán jẹun. A ti kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ ọ́ nìkan. Ìyá náà sọ fún wa pé ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ká òun mọ́, òun gba áàpù ayánilówó kan sórí fóònù òun. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi áàpù náà fún un, wọn kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣiṣẹ́, ó tọrọ àyè láti wo gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù náà, ìyá wa sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ojú ń kán an. Nígbà tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta kọjá ọjọ́ tí ó yẹ kí ó san owó náà, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, ọ̀dọ̀ àna rẹ̀, àti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, pé ajigbèsè ni, pé kí wọ́n ṣọ́ra fún un. Ó san owó náà tán pẹ̀lú èlé, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í ṣe ohun tí a ń san tán.

Nísinsìnyí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣe fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi Linux sí i, ó fi LibreOffice sí i, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ba ìyá náà lẹ́rù. Ó kọ̀wé pé: "Ẹ̀yin olóòtú wa, iná ti jó mi rí. Ṣé kí n tún gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tí n kò mọ̀ rí, tí àwọn náà ń fún mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́? Ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi àti àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n jẹ mí ni mo fẹ́ kó sínú ẹ̀rọ yìí."

Àwa kò ní fi ìbéèrè yìí ṣẹ̀rín, nítorí pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Iṣẹ́ tiwa lónìí ni láti bá ìyá wa wò ó fínnífínní bóyá ejò ni èyí tàbí ekòló.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni pé ọ̀fẹ́ kò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí a bá lọ sí ọjà tí ìyá oníresì bu ẹ̀ènì sí i fún wa, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé nítorí kí a lè padà wá ni. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Bí apẹja bá fi ekòló sí ẹnu ìwọ̀, ọ̀fẹ́ ni ekòló náà jẹ́ lójú ẹja, títí tí ẹja yóò fi mọ̀ pé ìdẹ ni. Ọ̀fẹ́ kẹta sì wà, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ọ̀wẹ̀. Bí ará abúlé bá fẹ́ kọ́ ilé, àwọn ẹlòmíràn a jáde wá bá a po amọ̀, wọn kò gba owó, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ tiwọn náà ń bọ̀. Ẹ̀ènì, ìdẹ, àti ọ̀wẹ̀: ọ̀fẹ́ ni ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ èyí tí wọ́n fún òun yóò jẹ̀bi ọ̀kan nítorí ẹ̀ṣẹ̀ èkejì.

Èdè àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dá kún ìdàrúdàpọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí a kò gba owó lé àti fún ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Àwa Yorùbá kò ní ìṣòro yẹn. A mọ ọ̀fẹ́, a sì mọ òmìnira, a kì í sì í pe ọ̀kan ní èkejì. Áàpù tí ó dójú ti ìyá wa jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní òmìnira kankan nínú. Ohun tí ọmọ rẹ̀ gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù, òmìnira ni ìpìlẹ̀ rẹ̀; àìgba owó kàn tẹ̀lé e lẹ́yìn ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé. Sọ́fítíwíà kò ju ìwé àṣẹ lọ, tí ènìyàn kọ láti fi sọ fún ẹ̀rọ ohun tí yóò ṣe, ní ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan. Ẹni tí ó kọ ọ́ lè ti ìwé àṣẹ náà mọ́ inú àpótí, kí ó sì fún wa ní èyí tí ẹ̀rọ nìkan lè lóye. Nígbà náà a dà bí ẹni tí ń jẹ ọbẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó wọ ilé ìdáná. Ó sì lè fi ìwé àṣẹ náà sílẹ̀ ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀ ọ́n kà lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ó wà nídìí rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Stallman bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún ọ̀nà kejì yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ a máa há bébà, Stallman sì fẹ́ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe kí ẹ̀rọ náà lè máa kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ bí bébà bá há, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n kò fún un ní ìwé àṣẹ náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983 ó kéde iṣẹ́ tí ó pè ní GNU, pé òun yóò kọ sọ́fítíwíà tí gbogbo ènìyàn yóò ní òmìnira láti lò bí wọ́n ti fẹ́, láti kà, láti tún ṣe, àti láti pín. Ní ọdún 1991 akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, gbé Linux jáde, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì dara pọ̀ mọ́ ọn bí ẹni tí ń jáde fún ọ̀wẹ̀. Lónìí, ìpìlẹ̀ Linux wà nínú fóònù Android tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa mú dání.

LibreOffice tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni OpenOffice, abẹ́ ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ni ó sì wà. Ní ọdún 2010 ilé-iṣẹ́ Oracle ra Sun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí sọ́fítíwíà náà kò fọkàn tán ọ̀gá tuntun yìí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò jà, wọn kò sì jalè. Wọ́n mú ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà gẹ́gẹ́ bí òmìnira wọn ti gbà wọ́n láyè, wọ́n dá ẹgbẹ́ The Document Foundation sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ orúkọ LibreOffice. Àwọn tí ń lò ó kò pàdánù lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ rí i pé ní ibi tí òmìnira bá wà, kò di dandan kí a fẹ́ràn ọ̀gá kí iṣẹ́ wa tó lè wà láìléwu. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ láti jáde.

Ní ti ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ ìdẹ, òwe kan wà tí ó kọ́ wa ní gbogbo rẹ̀: ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Kí ni olúwa rẹ̀ fi ń jẹun? Ilé-iṣẹ́ Avast ń fún àwọn ènìyàn ní sọ́fítíwíà tí ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà, lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí ó lè dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń kó àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń tà á láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ó jẹ́ tirẹ̀, Jumpshot, títí di ọdún 2020 tí àṣírí tú tí wọ́n sì ti Jumpshot pa. Ní ọdún 2024 àwọn aláṣẹ òwò ní Amẹ́ríkà ní kí Avast san $16,500,000. Ọ̀dẹ́ tí a gbà pé kí ó ṣọ́ ilé ni ó ń ka iye ìgbà tí onílé ń jáde, tí ó sì ń tà á lọ́jà!

Nílé wa níhìn-ín pẹ̀lú, ìyá wa kò dá nìkan jìyà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀ràn ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn ₦10,000,000 lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan lórí, nítorí irú àtẹ̀jíṣẹ́ ìtìjú bẹ́ẹ̀ tí ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù ẹni tí ó yáwó. Ní ọdún 2022, àjọ FCCPC tí ń gbèjà àwọn oníbàárà gbé ìlànà jáde pé kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa forúkọ sílẹ̀.

Bí a bá dúró níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ìbá rọrùn: kí a yẹra fún ìdẹ, kí a gba ọ̀wẹ̀, kí a sì sùn fọnfọn. Ṣùgbọ́n àwa kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀wẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀.

Sọ́fítíwíà kan wà tí ń jẹ́ OpenSSL, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ ní gbogbo ayé ń lò láti fi ọ̀rọ̀ àṣírí pa mọ́ bí ó ti ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà ní gbangba. Ní oṣù kẹta ọdún 2012 àṣìṣe kan wọ inú ẹ̀dà tuntun rẹ̀, tí ó jẹ́ kí àjèjì lè máa fa ọ̀rọ̀ àṣírí jáde láìfi àmì sílẹ̀. Ọdún méjì kọjá kí a tó kéde rẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n sì fún un ní orúkọ Heartbleed. Báwo ni ohun tí ó wà ní gbangba ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tí ó rí i? Ìdí rẹ̀ ni pé olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ti wò ó. Gbogbo ayé ń pọn omi nínú kànga náà, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ kíún ni wọ́n ń gbá etí rẹ̀, owó ọrẹ tí ń wọlé fún wọn kò sì ju nǹkan bí $2,000 lọ lọ́dún.

Ìtàn kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé kì í ṣe àṣìṣe. Sọ́fítíwíà kékeré kan wà tí ń jẹ́ xz, tí a fi ń ká ọ̀rọ̀ púpọ̀ jọ kí ó lè gba àyè díẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí kọ̀ǹpútà Linux tí kò sí nínú rẹ̀. Lasse Collin, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún púpọ̀ wá, láìgba owó. Ní ọdún 2021 ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ìwà rẹ̀ sì tutù. Ní ọdún 2022 àwọn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé gún Collin lára, pé iṣẹ́ náà ń falẹ̀, pé kí ó fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Collin dáhùn pé ara òun kò fi bẹ́ẹ̀ yá ní ti ọkàn àti èrò, àti pé iṣẹ́ tí òun kò gbowó fún ni. Díẹ̀díẹ̀ ó fún Jia Tan ní àṣẹ. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2024, Jia Tan gbé ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde, ó sì ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa mọ́ sínú wọn, tí yóò jẹ́ kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè wọ inú kọ̀ǹpútà onílé láìkan ilẹ̀kùn.

Ta ni ó mú un? Andres Freund, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ni. Iṣẹ́ mìíràn ni ó ń ṣe tí ó fi kíyèsí i pé wíwọ inú kọ̀ǹpútà òun ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ẹlòmíràn ìbá gbójú fò ó. Ó tọ ipa rẹ̀ títí ó fi dé ìdí, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn ẹ̀dà náà ṣì wà ní ibi ìdánwò, tí wọn kò tíì tàn dé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ ayé wà lórí wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Èkínní ni pé ẹni ibi lè wọ aṣọ ọ̀wẹ̀, kí ó sì po amọ̀ fún ohun tí ó ju ọdún méjì lọ pẹ̀lú sùúrù, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí yóò jalè. Èkejì ni pé nítorí pé ilé náà ṣí sílẹ̀ ni àlejò kan tí ó ń kọjá lọ fi lè wọlé, kí ó yẹ igun wò, kí ó sì ké gbàjarè. Bí ó bá jẹ́ pé inú àpótí ni ìwé àṣẹ náà wà, Freund ìbá lè kíyèsí ìdádúró náà, ṣùgbọ́n kì bá rọrùn fún un láti tọ ipa rẹ̀ dé ìdí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè pé ǹjẹ́ ó yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tí ń ṣe sọ́fítíwíà òmìnira, èsì wa ni pé kí a má ṣe fi ìgbẹ́kẹ̀lé wa lé orí inú rere wọn nìkan. Àwa kò rí inú ẹnikẹ́ni. Ohun tí a lè rí ni ètò tí wọ́n ṣe yí ara wọn ká. Ǹjẹ́ iṣẹ́ wọn wà ní gbangba? Ǹjẹ́ àwọn mìíràn wà tí ń yẹ̀ ẹ́ wò ní tòótọ́, tàbí ẹnì kan tí ó ti rẹ̀ ni ó dá nìkan gbé e? Bí wọ́n bá ṣe ohun tí kò tọ́ lọ́la, ǹjẹ́ a lè kó ẹrù wa jáde? Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí dáradára yẹ ní ẹni tí a lè bá dòwò pọ̀, ìbáà gba owó tàbí kò gbà. Ẹni tí kò bá lè dáhùn wọn, bí ó bá tilẹ̀ gba owó gọbọi lọ́wọ́ wa, kò tíì yẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a kò gbọdọ̀ ṣàìsọ, ó sì lè má dùn mọ́ wa. A ti ń bèèrè bóyá àwọn tí ń ṣe sọ́fítíwíà yẹ ní gbígbẹ́kẹ̀lé. Àwa tí ń lò ó ńkọ́? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn tí wọ́n gún Collin lára kò jẹ́ kí ó sinmi, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn tí ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé. Àárẹ̀ ẹni rere ni ilẹ̀kùn tí olè gbà wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pa owó rẹpẹtẹ ni ẹ̀bi yìí wà lórí wọn jù, ṣùgbọ́n kò yọ àwa kéékèèké sílẹ̀ pátápátá. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé lẹ́tà Charis SIL àti Doulos SIL, tí a lè fi kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àmì ohùn lókè àti àmì nísàlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fún gbogbo ayé. Mélòó nínú wa ni ó ti dúpẹ́ rí?

Ní ìparí, ìyá wa ọ̀wọ́n, èyí ni ìmọ̀ràn wa. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ọmọ yín gbé wá dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ekòló ni, kì í ṣe ejò. Ṣùgbọ́n ẹ bá a sọ nǹkan mẹ́rin. Kí ó máa gba sọ́fítíwíà láti ilé rẹ̀ gan-an, kì í ṣe láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé lọ́nà. Kí ó máa gba àtúnṣe tuntun bí ó bá ti ń jáde, nítorí pé àtúnṣe ni ó dí ihò Heartbleed. Kí ó ní ẹ̀dà ìwọ̀n àti àkọsílẹ̀ gbèsè yín sí ibòmíràn, kí ẹ̀yin fúnra yín sì máa kọ èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ sínú ìwé. Ní ti fóònù yín, bí áàpù kankan bá tọrọ orúkọ àwọn ènìyàn yín kí ó tó ṣe iṣẹ́ tí kò kan wọn, ẹ sọ pé rárá, ẹ sì yọ ọ́ kúrò.

Bí ọmọ yín bá sì rí àbùkù kan nínú ohun tí ó ń lò, kí ó kọ̀wé sí àwọn tí ń ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà yóò ṣe jáde fún ọ̀wẹ̀, tí kì yóò jẹ́ ẹni tí ń pọn omi nìkan.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ kú ojúlówó ìṣọ́ra o, kí ìtìjú àná má sì ṣe dí yín lọ́wọ́ ire ọ̀la.